Ohun Tó Sọ Nípa Etí Mi

Ọ̀gá Àmì ni wọ́n ń pe bàbá mi ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ohun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kó wá àṣìṣe inú rẹ̀ rí kó tó di ìwé. Kọ́mà tó bá sá kúrò láyè rẹ̀ ò lè ríbi forí pamọ́ sí. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rù rẹ̀ ju àwọn ọmọṣẹ́ lọ, torí àṣìṣe àwọn ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ fi bírò pupa sàmì sí.

Méjì méjì ni wọ́n ń kàwé níbẹ̀. Ẹnì kan á di èyí tí òǹkọ̀wé fọwọ́ kọ mú, á máa kà á sókè tòun ti gbogbo àmì rẹ̀. Ẹnì kejì á máa fojú tẹ̀lé e lórí èyí tí wọ́n tẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, èmi ni mo máa ń bá bàbá mi kà á. "Ó wọlé kọ́mà, ó bọ́ bàtà kọ́mà, kò kí ẹnikẹ́ni àmì ìdánudúró." Ó mọ́ mi lára débi pé nígbà tí wọ́n ní kí n gbàdúrà nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, kọ́mà mẹ́rin ni mo fi sí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́, ó ní ọ̀kan nínú kọ́mà náà ò yẹ níbẹ̀.

Bó bá ti fagi lé ọ̀rọ̀ kan, tó wá rí i pé kò yẹ kóun fọwọ́ kàn án, á fi bírò kan abẹ́ rẹ̀ tó, tó, tó, á wá kọ "Fi sílẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Bí ẹni méjì bá sì ti kà á tán, tí wọ́n ní ó mọ́, wọ́n á ya gbogbo ti àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì mú èyí tó ní àṣìṣe lọ tẹ̀. Kì í fi èyí ṣeré rárá. Ó ní ìwé méjì ò gbọ́dọ̀ máa jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èmi náà ń kọ̀wé, bí èèyàn bá fẹ́ ṣàánú mi kó pè é bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú yàrá kan, olúkúlùkù dojú kọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn bá sì ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì la ń kọ: bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n lára àga, ohun márùn-ún tó ń mú ọmọ sunkún. Mi ò bímọ rí. Mẹ́ta ni mò ń kọ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ ronú kọ̀wé dé, ọ̀gá wa ní kó di ogún. Ká má parọ́, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, èmi kàn ń fojú fò ó ni. Àṣẹ kan náà ni mo máa ń tẹ̀ fún un nígbà ogún lójúmọ́: "Tún un kọ kó dùn ún kà." Ìka mi mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ.

Nígbà tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó pè mí wá sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé àjákọ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìyá mi ló sì kún inú rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Fọ́tò méjì péré la ní, èyí tó mọ́ jù nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ ló ń wò. Bàbá mi ní òun ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tóun rántí pé ó sọ sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí n lè mọ ẹni tó bí mi. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí eku ò ti ní lè jẹ ẹ́.

Oṣù márùn-ún ni páálí náà fi wà lábẹ́ tábìlì mi níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á bi mí ibi tí mo bá a dé, èmi náà á ní ó ti ń lọ. Nígbà tí ojú tì mí tó, mo fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé náà, mo kó o fún ẹ̀rọ, ìka mi sì tẹ ohun tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo wo òpin. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ kí fóònù lè ráyè, mo gbé páálí lọ sílé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi láyé, mo ṣe é bí iṣẹ́ ọ̀gá.

Bàbá mi béèrè bóyá ẹni méjì ló kà á. Mo ní èmi àti ọmọbìnrin tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́ ni.

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́, Bàámi."

Ó wá jókòó sórí àga, ó gbé ìwé àjákọ àkọ́kọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ń ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe é nílé ìtẹ̀wé, bí ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Èmi ni mo bá a ya ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n ka ìwé òun fún òun bíi ti àtijọ́, tòun ti kọ́mà. Mo ṣí fóònù, mo gbóhùn sókè. "Nínú ayé tó ń yí padà lójoojúmọ́ kọ́mà, ìfẹ́ ìyá mi jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú àmì ìdánudúró."

Bàbá mi yí ojú tí kò ríran mọ́ sí mi. "Ìwé ta lò ń kà?"

"Ìwé yín ni, Bàámi."

"Mi ò kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé ó wá sílé ìtẹ̀wé wa, ó ní mo jókòó sórí àga òun, bẹ́ẹ̀ àga mi ni."

Mo yí i lọ sísàlẹ̀, mo tún yí i. Kò sí àga kankan níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà, àṣẹ tí mo tẹ̀, àwọn fọ́tò tí mo pa rẹ́, ọmọbìnrin tí kò kà á. Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá nǹkan lórí orúnkún rẹ̀, níbi tó gbé ìwé lé nígbà tó ń ya á.

Láti ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ilé rẹ̀ ni mò ń gbà lọ. Mo máa ń kà, òun máa ń dá mi dúró, á ní: Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ kì í sọ "jọ̀ọ́", á kàn na ọwọ́ ni. Ó máa ń sọ pé oòrùn ń wo òun níwòkuwò. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó dà bíi pé obìnrin náà wà nínú yàrá pẹ̀lú wa, tó ń ṣàríwísí. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń lọ síwájú ni bí bàbá mi ṣe ń dá mi dúró ń dín kù. Ó ní látìgbà tóun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ohun tóun bá ti rí lórí ìwé, òun máa ń gbé e kúrò nínú orí òun ni. Ìwé ló ń bá òun rántí rẹ̀. Mo wolẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

A dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí ìyá mi ti gbé mi sórí itan lọ́jọ́ tó máa lọ sílé ìwòsàn. Mo ka ohun tí ẹ̀rọ kọ: "Ọmọ mi kọ́mà, máa tàn kọ́mà, ayé ń dúró dè ọ́ àmì ìdánudúró."

Bàbá mi ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

"Ṣé ohun tó sọ fún mi nìyẹn, Bàámi?"

"Rárá. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ní nǹkan kan nípa etí rẹ."

"Kí ló sọ nípa etí mi?"

Mo rí i bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó mọ̀ pé òun fi í sí, tí àpò náà sì ti lu. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, ó bi mí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, mo fi ìka rẹ̀ lé e. Ó kan abẹ́ rẹ̀ tó, tó, tó.

"Fi sílẹ̀," ó ní.

Bàbá mi kú kí ọdún yẹn tó parí. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, eku ò jẹ ẹ́. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń kà á, wọ́n ń kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Ẹnì kan ní òun ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá ọmọ òun. Wọ́n ní ìyá mi mọ̀rọ̀ sọ, mo sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Nígbà míì, bí mo bá ń múra iṣẹ́, mo máa ń ká irun mi sẹ́yìn níwájú dígí, kí n wo etí mi méjèèjì. Etí lásán ni. Mo wò ó títí, mi ò rí ohun tí ìyá mi rí.