Ẹnu Tí Kò Gbé Wáìnì Mì

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta wáìnì àwọn Faransé ní Lomé, kò sì sí ẹ̀kán kan rẹ̀ tó gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, òwò aṣọ ló sì gbé e dé Lomé kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ Faransé kan tó ń kó wáìnì wọlé, oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá mi kò fi dáhùn ìkíni mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Fọláránmi, bí o bá fẹ́ tà á, máa tà á. Ṣùgbọ́n má gbé e mì." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣèlérí.

Ìlérí náà kò ni mí lára rárá, nítorí pé bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó máa tọ́ ogójì igò wò láàárọ̀ kan kò gbọdọ̀ gbé e mì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ti ṣubú kó tó dórí ìkẹwàá. Wàá bù ú sẹ́nu, wàá yí i ká inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wàá fa atẹ́gùn díẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà wàá tu ú sínú korobá. Bordeaux nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́ mi lọ́dún 1963, mo sì mọ̀ ọ́n tu ju àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní àdúgbò Nukafu ní Lomé. Mo ń kọ̀wé nípa wáìnì sínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì kọ odidi ìwé kan lédè Faransé nípa bí èèyàn ṣe lè tọ́jú wáìnì nínú ooru ilẹ̀ wa. Àwọn Faransé pàápàá rà á. Dókítà o, lọ́yà o, ọ̀gá sójà o, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń béèrè ohun tí wọn yóò mu. Mo gbéra ga, n kò ní purọ́. Tí mo bá ti kọ ọ́ pé wáìnì kan kò dáa, ó di kó máa gbé orí pẹpẹ nìyẹn.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1992, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Báǹkì tì, èbúté tì, èmi náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Caleb, ọmọ mi kan ṣoṣo, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, bá wọn ń pín ìwé ìkéde àwọn tó ń béèrè ìjọba tiwa-n-tiwa. Mo kìlọ̀ fún un títí ó fi sú mi.

"Papa," ó ní, "ẹ̀yin ẹ máa tọ́ wáìnì wò, ẹ jẹ́ kí àwa náà tọ́ òmìnira wò."

Inú bí mi, bẹ́ẹ̀ ni inú mi tún dùn pé ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu ọmọ mi.

Ní ìparí Oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí àwọn sójà yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de, ìlú tú. Ẹlòmíràn forí lé Gánà, ẹlòmíràn di ẹrù, ó gba ọ̀nà Aného lọ sí Cotonou. Àwa náà ìbá ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ti dá Caleb dúró ní Kpogan lójú ọ̀nà Aného, wọ́n bá ìwé ìkéde nínú bàtà rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí bárékè kan tí n kò ní dárúkọ.

Kápítéènì kan tó ń jẹ́ Norbert ló ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Oníbàárà mi ni, ọdún mẹ́jọ ló fi ń gé ohun tí mo bá kọ nínú ìwé ìròyìn pamọ́. Mo ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ní àlejò lọ́jọ́ kejì, kí n gbé igò méjì wáìnì Pauillac ti ọdún 1961 tí mo fi ń yangàn nínú ìwé mi wá ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí n ṣí i fúnra mi, kí n sì mú ọmọ mi lọ sílé.

Martha, ìyàwó mi, ló fi aṣọ di àwọn igò náà. Díákónẹ́ẹ̀sì ni, kò fọwọ́ kan igò ọtí rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

"Bàbá Caleb," ó ní, "ohun yòówù kí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ ṣe é. Ẹ ṣáà mú ọmọ mi wá fún mi."

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí. Norbert wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ kan àti ọkùnrin méjì mìíràn. Ní ìsàlẹ̀ ọgbà, mo rí àwọn tí wọ́n mú, wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ sójà kan. Caleb wà láàárín wọn. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí, ó fi èkejì rí mi, ó sì nàró díẹ̀ ní ìjókòó.

Mo fa ìdérí igò àkọ́kọ́ yọ. Iṣẹ́ mi ṣáà ni. Bí mo ṣe bu díẹ̀ sí gíláàsì, ọ̀gá náà sọ ọ́ lédè Faransé pé, "Ẹni tó gbé e wá ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa gbogbo: ẹni tó bu ohun mímu fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni yẹn, ta ló máa bá a wí?

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo bù ú sẹ́nu. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàgbé ọmọ mi fún ìṣẹ́jú kan, nítorí wáìnì náà dára ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Mo yí i ká ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo fa atẹ́gùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tu ú sílẹ̀.

Mo wo iyanrìn tó pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

"Ó tu ú," ni ọ̀gá náà wí. Ó ti fọwọ́ kan ìbọn rẹ̀. "Májèlé ni."

Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Mo sọ ti iṣẹ́ mi, mo sọ ti ìlérí bàbá mi, mo ní kí Norbert bá mi sọ fún wọn. Norbert mọ̀. Ohun tí mo ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ń bà á, ojo ọkùnrin.

"Mu igò yẹn tán," ni Norbert wí. "Lẹ́yìn náà, jókòó síbẹ̀ títí di aago márùn-ún. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, a ó rí i."

Mo mu ún tán. Àyà mi gbóná, orí mi ń yí, mo dì mọ́ bẹ́ńṣì.

Aago mẹ́rin kò tíì lù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí wọ́n mú sínú ọkọ̀. Mo dìde, sójà kan tì mí jókòó. Mo ní, "Kápítéènì, ọmọ mi nìyẹn, ẹ ti ṣèlérí fún mi." Norbert ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò wojú mi. Caleb ń wò mí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tó rí ni pé bàbá òun jókòó sọ́dọ̀ àwọn sójà, ojú rẹ̀ pọ́n, igò wáìnì tó ti ṣófo wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọkọ̀ náà jáde.

Nígbà tí aago márùn-ún lù, mo ṣì wà láàyè. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣí igò kejì, ó sì ní ó dùn. Mo bi Norbert ibi tí ọkọ̀ náà lọ. Ó ní kì í ṣe abẹ́ òun ni ọkọ̀ náà wà. Títí di òní, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó padà dé nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Nukafu. Martha ti kó àpò mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi kó tó wò mí. Ó gbóòórùn ọtí lára mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà.

"Bàbá Caleb," ó ní, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé e mì?"