Balùwẹ̀ Màmá ní Osdorfer Born

Ẹ̀yin náà á ti fura: ọkùnrin tó bá kọ́ balùwẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó wá gbé ayafọ́tò láti Berlin wá síbẹ̀, kì í ṣe ìyá nìkan ló kọ́ ọ fún. Olúdàpọ̀ Láoyè, ayàwòrán-ilé, tó ń gbé ní Lichtenberg ní Berlin, kàwé débi pé ó máa ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n kó tó fèsì, bí ẹ tilẹ̀ bi í pé ṣé ó ti jẹun.

Hamburg ni ìyá rẹ̀ wà, ní Osdorfer Born, lọ́dọ̀ Dúnní, àbúrò Olúdàpọ̀. Màmá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ọpọ́n ìwẹ̀ wọn. Dúnní, tó ń tọ́jú aláìsàn níbi iṣẹ́, tó tún ń wálé wá tọ́jú Màmá, pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, bí wọ́n bá tún ṣubú, mi ò lè gbé wọn mọ́. Heim ló kàn."

Heim ni ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Màmá kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Olúdàpọ̀ dé. Ó yọ ọpọ́n dànù. Ó fi amọ̀ rẹ́ ògiri, ó fi igi ṣe ìjókòó àti ọ̀pá ìdìmú yí ká, ó wá to òkúta odò funfun wẹẹrẹ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Iná ibẹ̀ ń tàn jẹ́jẹ́ bí oṣùpá.

"Ara àgbà ò fẹ́ ike," ló ń wí fún ẹni tó ń gbọ́, àti ẹni tí kò gbọ́.

Kò bi Màmá ní nǹkan kan. Màmá wo ibẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ kún fómi.

"Àjàní, Olúwa á dá ọ lọ́lá!"

Inú Olúdàpọ̀ dùn débi pé nígbà tó ń padà sí Berlin, ìjókòó ọkọ̀ ojú irin kò fẹ́ẹ́ gbà á.

Ó lé lọ́dún kan kó tó padà wá pẹ̀lú Vincent, ayafọ́tò ìwé ìròyìn kan. Vincent wọ balùwẹ̀ lọ, ó ké.

"Ó dà bíi pé àná lẹ parí ẹ̀!"

"Ohun gidi kì í gbó," ni Olúdàpọ̀ wí, irùngbọ̀n lọ́wọ́. Ó lọ bá Màmá ní pálọ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká yà yín ní fọ́tò níbi tí ẹ ti ń wẹ̀."

"Ibo nìyẹn?"

"Balùwẹ̀ yín kẹ̀!"

Màmá wò ó bí ẹni wo ọmọ tó bú sẹ́rìn-ín láàárín àdúrà.

"Kí n máa da omi ọṣẹ sórí ilẹ̀ àánú? Àjàní, ṣé kò rẹ̀ ẹ́?"

Ìyá Àdúrà ni Màmá ní ìjọ Aládùúrà kan ní Lurup. Lójú tirẹ̀, ibi tó pa rọ́rọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ funfun, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ̀, ibi ìdọ̀bálẹ̀ níwájú Ọlọ́run ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúkú wà lọ́tọ̀.

"Wòlíì Ògúnbọ̀dé ti yà á sí mímọ́," ni Màmá wí. "Ayọ̀níkẹ́ ìjọ wa gbàdúrà níbẹ̀, ó rí ìwé ìgbélùú gbà. Ọmọ tó kọ́ ilé àdúrà fún ìyá ẹ̀, mélòó ló wà?"

Olúdàpọ̀ yíjú sí Dúnní. "O ò sì sọ fún mi?"

"Mo pè yín. Ẹ ní ẹ wà nípàdé, ní Sitzung. Mo tún pè, Sitzung náà ni. Èmi ń wẹ̀ níbi iṣẹ́ ní tèmi."

"Màmá ńkọ́?"

Dúnní jókòó. Kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́.

"Ọ̀dọ̀ Margaret lókè ni wọ́n ti ń wẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ga. Wọ́n ṣubú nínú ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń lọ sí Heim."