Fèrè Tó Ń Pe Ewúrẹ́

Ewúrẹ́ gbogbo ayé ló ń sá fún ọkọ̀ ojú irin. Ti Salúhà nìkan ló ń sá lọ bá a.

Bí ọkọ̀ tó ń kó fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, bá ti fọn fèrè lẹ́yìn òkè láàárọ̀, kò sí ibi tí wọn ò ní kúrò. Wọn ì báà wà lábẹ́ igi ólífì, wọn ì báà ti rí koríko tútù kan ṣoṣo tó kù nínú àfonífojì, wọn yóò gbé orí sókè, wọn yóò sì tò lọ sójú irin. Lálà ni yóò ṣáájú. Lálà ni ewúrẹ́ dúdú onímú funfun tó jẹ́ ìyá èyí tó pọ̀ jù nínú agbo náà, oyún sì tún wà nínú rẹ̀. Yóò dúró sáàárín irin méjèèjì, yóò kọjú síbi tí ariwo ti ń bọ̀, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀.

Opó ni Salúhà. Wàrà ewúrẹ́ ló ń tà jẹun, ọmọ wọn ló sì ń tà nígbà Iléyá. Násírì ọmọ rẹ̀ ní kó tà wọ́n tán kó wá máa bá òun gbé ní Túnísì, olú ìlú, ó sì dá a lóhùn pé òun ò lè gbé ilé tó wà lórí ilé ẹlòmíì. Ọkọ̀ náà ti pa ọmọ Lálà kan nígbà òtútù. Díẹ̀ ló kù kó pa Lálà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí Lálà bá lọ, àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé e, nítorí òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbi gbogbo. Nígbà náà, Túnísì ni Salúhà máa lọ lóòótọ́.

Ó so Lálà mọ́lẹ̀, Lálà jẹ okùn náà. Ó lọ bá Tíjánì, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ṣọ́ igi ìdènà níbi tí títì ti gba orí irin kọjá. Ó ní kó sọ fún dírẹ́bà pé kó má fọn fèrè mọ́. Tíjánì ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú dírẹ́bà. Pátákó kan wà níbi tí irin ti yà lẹ́yìn òkè, bí dírẹ́bà bá ti débẹ̀ ó gbọ́dọ̀ fọn ọ́n: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan gùn, ì báà jẹ́ ajá ló wà lọ́nà, ì báà jẹ́ ọba, ì báà má sí ẹnikẹ́ni.

"Bóyá ewúrẹ́ rẹ fẹ́ràn orin ni," Tíjánì sọ.

"Ìwọ náà fẹ́ràn oorun," Salúhà dá a lóhùn, "oorun ò sì tíì pa ọ́."

Lọ́jọ́ kan tó lọ lé wọn kúrò lójú irin, tí ọkọ̀ ti kọjá, ó rí ìlàjì búrẹ́dì láàárín òkúta. Ó mú un, ó fẹnu kò ó, ó fi kan iwájú orí, ó sì gbé e sórí àpáta kan tí ẹsẹ̀ ò ti ní tẹ̀ ẹ́, bí ẹnikẹ́ni nílùú wọn ṣe máa ṣe sí búrẹ́dì tó bá wà nílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bi ara rẹ̀ pé ta ló ń gbé búrẹ́dì sójú irin. Kó tó ro ó tán, Lálà ti gbé e lórí àpáta, ó ti ń jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fara pa mọ́ sẹ́yìn ọrọ́, ó di Lálà ní ìwo mú. Fèrè dún. Lálà fà á débi tí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ iwájú ti ń kọjá, apá kan yọ lójú fèrèsé, ó sì ń fọ́n búrẹ́dì sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìẹ.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ náà máa ń padà lófìfo, ó sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Tíjánì kí èyí tó ń bọ̀ lódìkejì lè kọjá. Salúhà ti dúró dè é níbẹ̀ kó tó dé, ó sì lọ sídìí àkàsọ̀ ẹ̀rọ náà. Bẹṣíírì lorúkọ dírẹ́bà náà, ọkùnrin onítọ̀hún sanra, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i. Ó rò pé wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni.

"Ẹ má dúpẹ́ rárá, Ìyá Násírì. Nǹkan kékeré ni."

"Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ? O fẹ́ pa ẹran mi tán."

Ẹ̀rín náà lọ. Ó wá ṣàlàyé. Munjíyà ìyàwó rẹ̀ ló ń di búrẹ́dì fún un bí ẹni pé ọmọ ogun ló ń bọ́. Bí ó bá gbé e padà sílé, obìnrin náà á bi í pé oúnjẹ ta ló ti jẹ yó. Ta ló sì máa ju búrẹ́dì sínú pàǹtí, kó wá kú, kí Ọlọ́run bi í? Ìgbà tó rí ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúpẹ́. Bó bá ti fọn fèrè tán ló máa ń fún wọn.

"Mo ṣáà ń fọn ọ́n kí wọ́n lè sá ni," ó sọ.

"Wọ́n ń sá. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń sá lọ."

Bẹṣíírì jókòó sórí àkàsọ̀. Ó yọ fìlà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ìyá, ọkọ̀ yìí wúwo. Bí mo bá tẹ bíréèkì níbí, ìdí ólífì yín lọ́hùn-ún ló máa dúró. Mi ò lè yà fún nǹkan kan. Ẹnu nìkan ni mo ní, fèrè yẹn sì ni ẹnu ọ̀hún. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́."

Ó ṣèlérí pé òun ò ní jù ú mọ́ láé. Salúhà ní ìlérí ò wúlò. Bí búrẹ́dì bá dáwọ́ dúró lójijì, Lálà á lọ dúró síbẹ̀ ni, á ní ó pẹ́ ni. Ewúrẹ́ kì í gbọ́ "má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́". Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbì kan, kó wá ibòmíì fún un lọ. Nítorí náà kí Bẹṣíírì máa fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún Tíjánì lọ́sàn-án, òun á máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lówùúrọ̀, bí fèrè bá ti dún, inú ọgbà ẹran ní òkè ni búrẹ́dì á ti wà. Kí Bẹṣíírì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ́n kó tó dé pátákó, kó fọn ọ́n gígùn, kó rọra máa bọ̀. Tíjánì bi í pé ṣé ẹni tó ń tọ́jú búrẹ́dì ò ní jẹ nínú rẹ̀. Salúhà ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fèrè dún lẹ́yìn òkè. Salúhà ń fi síbí lu abọ́ páànù, ó ń fọ́n búrẹ́dì sílẹ̀. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sáré gòkè. Méjì nínú àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn. Lálà ò wẹ̀yìn. Ó lọ dúró síbi tó ti ń dúró.

Bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹsẹ̀ Salúhà ti fẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ kó tó rántí pé búrẹ́dì wà lọ́wọ́ òun. Bí òun bá gbé e sọ̀ kalẹ̀, ojú irin náà ni búrẹ́dì tún dé yẹn, òun náà á sì ti ṣe ohun tí Bẹṣíírì ṣe. Ó dúró. Ó ń lu abọ́ náà, ó sì ń bú Lálà, bàbá Lálà àti òbúkọ tó fún un lóyún.

Fèrè tún dún, gígùn, kúrú, gígùn. Lálà wo fèrèsé ẹ̀rọ náà. Apá kankan ò yọ. Ó wo òkè, níbi tí àwọn yòókù ti ń jẹun láìsí òun. Ó wá rọra kúrò lójú irin, ó ń gòkè bọ̀ bí ẹni pé ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ọkọ̀ sì kọjá lẹ́yìn ìrù rẹ̀. Salúhà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo búrẹ́dì tó kù ló fún un.

Kí oṣù yẹn tó parí, fèrè kì í dún tán kí agbo tó wọlé. Salúhà wá fi ṣe àkókò tí yóò máa fún wàrà. Lálà bí ìbejì. Munjíyà gbọ́ ibi tí búrẹ́dì rẹ̀ ń lọ, ó bínú fún ọjọ́ kan, ó sì tún fi kún un.

Ó wá di ọjọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ lọ jókòó dí ojú irin nítòsí ibi ìwakùsà, wọ́n ní àfi kí wọ́n gba àwọn síṣẹ́. Ọkọ̀ kankan ò jáde. Oòrùn ga, ọmú ewúrẹ́ kún, kò sí èyí tó wálé. Salúhà pè wọ́n lórúkọ. Ó lu abọ́. Lálà wò ó láti ọ̀nà jíjìn, ó tún tẹ orí ba, ó ń jẹko.

Salúhà gun orí àpáta. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó gba èémí sínú.

"Pùùùùùùù. Pù. Pùùùùùùù."

Gbogbo orí ló gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lálà ló ṣáájú, àwọn ìbejì ń ta kìtì lẹ́yìn rẹ̀.

Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ilé Tíjánì ṣí. Ó sáré jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sọ igi ìdènà kalẹ̀ síwájú ọkọ̀ tó kó tòmátì, ó na àsíá, ó sì dúró gbagidi. Onítòmátì dúró títí. Nígbà tó yá, ó yọ orí jáde, ó bi í pé ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún dà. Tíjánì wo apá ibi ìwakùsà, kò rí nǹkan kan. Ó wá wo orí àpáta.

"Salúhà! Ṣé o máa kọjá ni, àbí o ò ní kọjá?"

Salúhà ti ń so gèlè rẹ̀ padà.

"Gbé igi ẹ sókè," ó ké sí i. "Èmi lè dúró."