Ibùsùn Tí Kì í Tutù

Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sójú Òru, Òru sì ṣẹ́jú bí olè tí wọ́n ká mọ́ àjà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀, kò sì tíì rí bí yàrá iṣẹ́ náà ṣe rí ní ọ̀sán gangan. Kò mọ̀ pé ògiri rẹ̀ dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán dúró ní ìkángun kejì tábìlì, ó ń gé ìyẹ̀fun pípò. Kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Orúkọ ìnagijẹ ni Ọ̀sán àti Òru. Àwọn ará ilé tí wọ́n ti háyà yàrá ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, èkejì ń ṣiṣẹ́ òru, nílé búrẹ́dì kan náà. Yàrá kan ni wọ́n ní, bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ń dìde ni èkejì ń dùbúlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀dì yín yẹn," Ìyá Onílé máa ń wí, "òun ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ilé yìí. Kò ráyè tutù." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí tọkọtaya. Ọkùnrin sì ni àwọn méjèèjì. Ní ìlú yẹn, ẹ̀wọ̀n ni, bí ọlọ́pàá bá tètè dé. Bí ọlọ́pàá ò bá tètè dé, àwọn aládùúgbò á ti ṣe tiwọn. Aránṣọ kan wà ní òpópónà kejì tí wọ́n ká òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lé. Wọ́n sun ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lójú títì, wọ́n sì lù ú títí tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò fi lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru yìí ni Ọ̀sán àti Òru fi bojú. Ta ni yóò fura sí àwọn méjì tí kì í sí nílé lẹ́ẹ̀kan náà? Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni tiwọn, kí Ọ̀sán tó jáde, àti ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ kí Òru tó lọ. Kò tó. Wọ́n jẹ́ kó tó.

Ní àná ni rédíò kéde kónílé-ó-gbélé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sí níta. Kíá ni Màdáámù tó ni ilé búrẹ́dì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ òru pé iṣẹ́ òru ti parí, kí gbogbo wọn máa wá láàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde láàárọ̀ yìí, Ìyá Onílé ti wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Báwo lẹ ṣe wá sùn?"

"Ilẹ̀ ni mo sùn, Màmá," Òru dáhùn. "Ta ló lè sùn ti eléyìí? Ó ń tàpá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Irọ́ ni. Wọn kò sùn rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyá Onílé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ayé tá a wà. Bí wọ́n bá wá dáná sun èèyàn, kì í ṣe yàrá yín nìkan ló máa jó."

"A ti gbọ́, Màmá."

Lójú ọ̀nà, Òru ní, "Níbi iṣẹ́, má wò mí."

"Mi ò ní í wò ẹ́," ni Ọ̀sán wí.

Ohun tí wọ́n rí dá lọ́gbọ́n kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, wọ́n bo ìyẹ̀fun pípò mọ́lẹ̀ kó lè wú, kálukú sì wá ibi jókòó sí. Àsìkò tí Òru máa ń sùn gan-an nìyẹn, láti ọdún mẹ́fà. Ara kò mọ kónílé-ó-gbélé. Ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí àwọn àpò ìyẹ̀fun, kó tó na ẹsẹ̀ tán oorun ti gbé e lọ. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun bo irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ọ̀sán fẹ́ kọjá lọ gbé páànù ni.

Bí Òru bá ti ibi iṣẹ́ dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń rí. Bó bá sì fi ìyẹ̀fun yẹn sùn, òógùn á pò ó, ó máa lẹ̀, kò ní í lè lajú bó bá jí. Nítorí náà Ọ̀sán máa ń fi ahọ́n kan àtàǹpàkò rẹ̀, á fi nu ojú kan, á fi nu èkejì, kó tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbà mìíràn, Òru á ti sùn lọ kó tó kan ojú kejì.

Bí òkùnkùn ti wù kó pọ̀ tó, ọwọ́ kì í ṣi ẹnu. Ọwọ́ Ọ̀sán kò ṣi ojú yẹn náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ahọ́n kan àtàǹpàkò, ó nu ojú kan mọ́. Ó ti fẹ́ kan èkejì kó tó mọ̀ pé ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú yàrá náà.

Ẹni tó bá ti ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ rìn láàárín èrò á ti kọ́ bí a ṣe ń kó ọwọ́ ẹni níjàánu. Àwọn méjì yìí kò kọ́ ọ rí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì nìkan ni wọ́n ti jọ wà.

"Ẹ wá wòran o!" Dẹ́rẹ́bà tó ń kó búrẹ́dì kiri ló kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó ń tọ́jú ojú ọkọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú, bí iná tí wọ́n da omi sí.

"Ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan?" Ọmọbìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá ló béèrè, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè.

"Bẹ́ẹ̀dì kan," ni Dẹ́rẹ́bà wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé páànù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan fa irin tí wọ́n fi ń wọ́ páànù jáde nínú ààrò, ó dì í mú, kò sì fi ṣe nǹkan kan.

Màdáámù jáde láti yàrá rẹ̀. "Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́?"

Ó wo àtàǹpàkò Ọ̀sán tó ṣì nà síta, tó ṣì tutù. Ó wo Òru nílẹ̀. Ọ̀sán fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ni yóò sọ? Pé òun ń nu ìyẹ̀fun? Ta ló ń nu ìyẹ̀fun lójú ẹlòmíràn?

Òru jí. Ojú rẹ̀ lọ sára Dẹ́rẹ́bà, ó lọ sára irin, ó wá dúró sórí àtàǹpàkò. Ọ̀sán rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e. Òru dìde, ó sì gbá Ọ̀sán létí, etí rẹ̀ hó yee.

"O fi itọ́ kùn mí lójú! Èmi! Kí n máa sùn jẹ́jẹ́ mi, kí o wá máa fi itọ́ kùn mí lójú! Ṣé ọmọ àná ni mí lójú rẹ ni?"

"Mo..."

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fara da òórùn ẹsẹ̀ rẹ! Màdáámù, ẹ bi í léèrè, ìgbà wo ló fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbẹ̀yìn? Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́! Ẹ bi í!"

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òru fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ọrùn ẹ̀wù Ọ̀sán, ó ń mì í jìgìjìgì. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Irun ojú kan mọ́, èkejì ṣì funfun fún ìyẹ̀fun.

"Bú mi," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò kọjá etí Ọ̀sán. "Mo bẹ̀ ẹ́. Bú mi."

Ọ̀sán la ẹnu. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Ọ̀lẹ! Àwa ń ṣiṣẹ́, ìwọ ń sùn lórí àpò bí ológbò! Ta ló mọ̀ bóyá iṣẹ́ lò ń ṣe lóru, àbí oorun! Mo fi itọ́ kùn ẹ́, kí lo fẹ́ ṣe? Màá tún fi kún un!"

Ó sì tutọ́ sí i lójú.

Òru kò nù ún. Gbogbo yàrá náà mí, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò. Ọwọ́ tó di irin mú gbé e kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kó sáàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Èmi rò pé tọkọtaya ni wọ́n, orogún ni àwọn wọ̀nyí!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Wọ́n ń tún un sọ láàárín ara wọn: orogún, orogún. Màdáámù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá le ojú padà.

"Mi ò fẹ́ ìjà níbi tá a ti ń ṣe oúnjẹ. Ọ̀kan nínú yín máa lọ."

"Ẹ má dààmú ara yín, mà," ni Òru wí. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì. "Iṣẹ́ òru ni mo gbà, iṣẹ́ òru ti tán. Màá kó kúrò nínú yàrá yẹn náà lónìí. Kó máa tàpá sí ògiri."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ Dẹ́rẹ́bà kọjá síta. Itọ́ náà ṣì wà lójú rẹ̀.

Ọ̀sán padà sídìí tábìlì. Ìyẹ̀fun pípò ti wú kọjá ẹnu abọ́, ó ní láti gbá a wálẹ̀. Ó ń gé e, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tò ó sínú páànù. Bó bá jáde nísinsìnyí, bó bá sáré, yóò bá Òru nínú yàrá. Bó bá jáde nísinsìnyí, gbogbo wọn á mọ̀. Ó ń gé ìyẹ̀fun. Àwọn tó ń kọjá ń gbá a lẹ́yìn: o káre, o ṣe dáadáa, èèyàn burúkú ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan mọ́. Pé ó kórìíra Òru, wọ́n ti gbà á gbọ́ kíá, bí ẹni gba omi mu.

"Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ," ọmọbìnrin tó ń di búrẹ́dì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìka márààrún. Lọ bọ́jú."

Ìyẹ̀fun ọwọ́ Òru ni, ó ti pò mọ́ òógùn, ó ti gan mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Bí mo bá ṣetán," ni Ọ̀sán wí.

Dẹ́rẹ́bà ti gbé búrẹ́dì lọ, ó sì padà dé. "Mo rí ọ̀tá rẹ ní ìdíkọ̀! Ẹrù wà lórí rẹ̀. Mo fọn fèrè ọkọ̀ fún un, kò wo apá ibi tí mo wà. Agbéraga!"

Ọ̀sán tẹ ọ̀bẹ mọ́ ìyẹ̀fun. "Ọkọ̀ ibo ló wọ̀?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Yàrá náà tún fẹ́ dákẹ́. Ó gbọ́ ọ bó ṣe fẹ́ dákẹ́.

"Kí n lè mọ ìlú tí mi ò ní í fẹsẹ̀ tẹ̀ láéláé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà nu ojú. "Mi ò tilẹ̀ wò ó, jàre. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ tán nígbà tí Ọ̀sán dé ilé. Ìyá Onílé ń ti ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà.

"Wọlé, wọlé, kí wọ́n má bá ẹ níta. Ó ti kó lọ o! Ẹ̀yin ọmọ yìí! Gbogbo ilé ló jáde wá gbọ́ èébú. Ó ní òórùn ẹsẹ̀ rẹ ló lé òun lọ, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ pàdé mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan, bẹ́ẹ̀dì kan. Ọkàn mi balẹ̀. Lọ bọ́jú, o dà bí ẹni tí òkú gbá létí."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Ìṣó kejì lára ògiri ṣófo. Kọ́ọ̀bù kan ló kù. Òru ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fà á le, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sábẹ́. Wọn kì í tẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Kò sídìí láti tẹ́ ẹ, ẹnì kan máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dìde tán.

Kò bọ́jú. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó má bàa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ra ìrọ̀rí, ó sì ń dúró kí bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ọn lára. Kò mọ́ ọn lára. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó sún padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbí àti lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Gbogbo rẹ̀ ló tutù. Ọdún mẹ́fà ló ti ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lálaalẹ́, ó sì ti rò pé fúnra rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì máa ń gbóná.