Òróró Tó Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Egbò tí a bò mọ́ oníṣègùn lójú, òórùn rẹ̀ ni yóò rojọ́. Bàbá Ọdúntán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló máa ń pa òwe yìí fún wa nílé wa l'Ókèṣà, ní Iléṣà, bí ọmọ kan bá fọ́ nǹkan tó sì dákẹ́. N kò mọ̀ pé èmi Yéjídé ni òwe náà ń dúró dè, lẹ́yìn tí mo ti di abiyamọ, tí mo ti ń gbé ní Igbona l'Óṣogbo, tí mo ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kọ̀ǹpútà náà kú. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò dáhùn. Mo fi iná sí i, mo yọ iná, mo gbàdúrà, mo tún un tẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú bí inú kànga. Àyà mi já, nítorí ohun tó wà nínú kànga yẹn kì í ṣe tèmi nìkan.

Ní ilé tiwa, a kì í jẹ́ kí àgbàlagbà lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí èémí bá ti ń kéré, ẹnì kan á kúnlẹ̀ sí etí rẹ̀, á máa ki oríkì rẹ̀ láti orí baba ńlá títí dé orí òun fúnra rẹ̀, kó lè mọ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Kìrìsìtẹ́nì ni wá. À ń gbàdúrà ṣáájú, à ń gbàdúrà kẹ́yìn, ṣùgbọ́n oríkì ló ni àárín. Bàbá Ọdúntán ló ṣe é fún bàbá mi. Òun ló ṣe é fún gbogbo wọn. Ta ni yóò wá ṣe é fún òun? Kò sí ẹni tó mọ oríkì náà délẹ̀ mọ́ àfi òun nìkan.

Ìdí rèé tí ẹbí fi jókòó lẹ́yìn Àjíǹde, tí wọ́n dá owó ra kọ̀ǹpútà fún mi pé kí n lọ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́tàlá ni mo fi lọ sí Iléṣà. Fóònù ni mo fi ń gba ohùn rẹ̀. Bí mo bá padà dé Òṣogbo, n ó kó o sínú kọ̀ǹpútà, n ó sì nu ti inú fóònù kúrò kí àyè lè wà fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, Bàbá ki ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ta ló ń ki ara rẹ̀ láyé yìí? Àfi àkùkọ." Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, ó sì gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Elisha, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ló yan irú kọ̀ǹpútà tí a rà. Ẹyẹ dúdú kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Elisha ní, "Ẹ má ra jákujàku fún iṣẹ́ yìí o. Tèmi ti pé ọdún mẹ́fà. Ó ti jábọ́ lórí ọ̀kadà rí, òun ló kọ́kọ́ dìde ká tó gbé èmi dìde. Gàráńtì ọdún méjì ni wọ́n ń fúnni, bó bá sì ṣàìsàn, ẹ pè wọ́n, wọ́n á dá yín lóhùn. Kìkì pé ẹ má jẹ́ kí nǹkan olómi kàn án. Tó bá ti kàn án, gàráńtì kú nìyẹn."

Yèyé mi kò fetí sí gàráńtì. Ẹyẹ ló ń wò. Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni Yèyé, kì í fi àdúrà ṣeré. Ó ní, "Ẹyẹ dúdú kì í wọ ilé mi kó má gba òróró." Ó gbé ìgò òróró àdúrà rẹ̀, èyí tó po lọ́fínńdà mọ́, ó fi ya àgbélébùú sórí ẹyẹ náà, ó wá ta díẹ̀ sórí àwọn bọ́tìnnì, ó ní kí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Mo ṣe àmín. Kò sì tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé kí n tó jókòó ti iṣẹ́, èmi náà á ta òróró díẹ̀ sí i, n ó fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún. Èyí tó ti ṣàn wọ àárín bọ́tìnnì, tówẹ́ẹ̀lì kò rí i.

Ní Ọjọ́rú, mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀. Ohùn kan ní kí n tẹ ení, ó ní kí n tẹ èjì. Orin bẹ̀rẹ̀, orin kò tán. Ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó ń ka nǹkan sí mi létí bí ẹni tó ń ka Sáàmù tí kò yé e. Bí mo bá ṣe ń dá a lóhùn ni ó ń ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí n dúró, fóònù já. Mo tún pè. Ẹlòmíràn ló gbé e, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ mi. Ẹni mẹ́ta ni mo ka nọ́ńbà gígùn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà fún, bí ẹni tó ń jẹ́jọ́.

Ẹnì kẹrin yàtọ̀. Ó ní Micah ni orúkọ òun. Ó gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n, ó sì fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, mi ò kánjú."

Mo sọ fún un. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé, "Ṣé nǹkan olómi kankan ò dà sí i? Omi, tíì, òróró, ohunkóhun?"

Bó ṣe dárúkọ òróró, gbogbo iwájú orí mi tutù. Mo rántí ọ̀rọ̀ Elisha. Mo rántí gbogbo ẹbí tó dá owó. "Rárá o," mo ní.

"Kò sí?"

"Kò sí rárá."

"Mà, mo ń béèrè kí n lè ràn yín lọ́wọ́ ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá yín lẹ́bi."

"Ọmọ mi, mo ní nǹkan kan ò dà sí i."

Mo ń gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. Irọ́ mi ló ń kọ sílẹ̀ yẹn. Ó ní kí n gbé e lọ bá aṣojú àwọn l'Óṣogbo, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Awwal. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́, àmín mi kò kọjá àjà.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ bíbí Òṣogbo ni Awwal, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ṣì wà nílẹ̀, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo lóṣòó síwájú káńtà rẹ̀, bí àwọn baba ńlá wa tó ń ta aṣọ kiri ṣe máa ń lóṣòó síwájú onígbèsè títí á fi sanwó.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀?"

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òṣómàáló ti kógbá wọlé látayé àwọn bàbá wa. Ẹ dìde, mi ò ra aṣọ lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀gá Awwal, ohùn ẹni tó ń kú lọ ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Mi ò ní dìde."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wo ohun tí Micah kọ ránṣẹ́ sí i. "Wọ́n ní nǹkan olómi ò kàn án."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbé e súnmọ́ imú. "Àǹtí, ó ń ta sánsán."

"Lọ́fínńdà ara mi ni."

Irọ́ kì í dá gbé. Ó ti bí èkejì lójú mi báyìí. Awwal wò mí. Ó fa ìwé kan yọ. "Ó dáa. Ẹ buwọ́ lùwé síbí pé nǹkan kan ò dà sí i. À ń gbé e lọ sí Èkó lónìí. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á fún yín ní tuntun. Ilé-iṣẹ́ yìí kì í yẹ àdéhùn, mo lè dúró fún wọn."

"Tuntun? Ohun tó wà nínú èyí ńkọ́?"

"Wọ́n á lọ̀ ọ́ ni, kí ẹlòmíràn má baà rí nǹkan yín kà. Òfin wọn nìyẹn."

Bírò wà lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi dún. Yèyé ni.

"Yéjídé, Bàbá ò gba omi mọ́ láti àná. Èémí rẹ̀ ti ń jìnnà síra. Nọ́ọ̀sì ní ká máa pe àwọn ọmọ. Ṣé oríkì yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Yèyé, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

"Èmi kọ́ ni mò ń pín wákàtí, ọmọ mi."

Ó pa fóònù. Mo wo Awwal. "Tí ẹ bá tú u níbí ńkọ́? Lónìí?"

"Tí mo bá tú u níbí, gàráńtì ti kú, ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló le jù." Ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé aláìsàn. "Mi ò lè tọ́jú ohun tí mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ omi ló wọ̀ ọ́, ọ̀nà rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ nǹkan míì, ọ̀nà tirẹ̀ náà wà. Bí mo bá sì gbé iná sí i láìmọ̀, ó lè jó ìyókù mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí tí Micah fi bi yín nìyẹn. Ìdí témi náà fi ń bi yín nìyẹn."

Ẹ̀rù méjì ló dì mí mú. Bí mo bá sọ ọ́, ẹbí á gbọ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ohun tí wọ́n rà fún mi, wọ́n á sì dá Yèyé lẹ́bi mọ́ mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, Bàbá á lọ ní ìdákẹ́jẹ́, òun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé bírò sílẹ̀. "Òróró ni. Òróró àdúrà. Gbogbo ọjọ́ Ajé, fún oṣù mẹ́rin."

"Lórí bọ́tìnnì?"

"Lórí bọ́tìnnì."

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ bá ti sọ."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ìyá tèmi ń fi omi tí wọ́n ka Kùránì sí nu tẹlifísàn rẹ̀. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo lanu bẹ̀ ẹ́ pé kó máa mu omi náà ni."

Ó ti ti ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tú síkúrú. Mọ́kànlá ni, mo kà á. Bó ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, lọ́fínńdà Yèyé bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù bí àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Òróró àti eruku ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, ó ń dán bí ìdí agbada àkàrà. Egbò mi ń rojọ́.

Awwal fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ, kò ju ìka méjì lọ. "Inú èyí ni gbogbo nǹkan yín wà." Etí rẹ̀ kan tutù. Awwal wò ó. Ó fi ẹ̀mú kékeré mú òwú, ó tẹ òwú sínú sípíríìtì, ó nù ún díẹ̀díẹ̀. Ó tì í bọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀.

Nǹkan kan kò jáde.

Ó yọ ọ́, ó tún nù ún. Mi ò rántí Sáàmù kankan, èmi tí mo mọ̀ wọ́n lórí láti ìgbà èwe mi. Ohun tó wà lẹ́nu mi kò ju pé, Olúwa, má jẹ́ kí n jẹ́ ẹni tó pa ohùn rẹ̀. Awwal náà ń wí nǹkan jẹ́jẹ́ lábẹ́ ètè, Bìsìmíláì ni mo gbọ́. Ó tì í bọ inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì.

Iná kékeré kan ṣẹ́jú. Orúkọ mẹ́tàlá tò sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ Ẹtì mẹ́tàlá.

"Mi ò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó," Awwal wí. "Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣí?"

"Èyí tó kẹ́yìn."

Ẹ̀rín Bàbá ló ṣáájú. Ó ní, àfi àkùkọ. Ó wá há ọ̀fun, ohùn rẹ̀ sì jáde, ohùn tí a kò gbọ́ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

Àkànó, ọmọ òkè tí í rí òjò kí òjò tó rí ilé,
ọmọ ajífìrì-kòkó-bọ́jú,
ọmọ ilẹ̀kùn tí kì í ti àlejò síta.
Ẹni pè mí lókùúta kò ṣì mí pè:
òjò ń pa òkúta, òkúta kì í rà.

Mo ti ń pe Yèyé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, ó dún títí mo fi rò pé ó ti tán. Ó gbé e.

"Yèyé, ṣé ó ṣì wà?"

Mo gbọ́ ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ṣì wà. Ó ti jìnnà, àmọ́ ó ṣì wà."

Awwal ti dá ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ti gbé e sókè dé ibi tó lè dé. Mo gbé fóònù mi súnmọ́ ọn.

"Yèyé," mo ní, "ẹ gbé fóònù yín sí etí Bàbá."