Ẹnì Kẹfà

Ìyá mẹ́fà ni Olúbísí ní láti bá sọ̀rọ̀ kí ó tó lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mẹ́fà péré. Iṣẹ́ tí ó ń kọ́ ni bí a ṣe ń jókòó ti abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ilé ìwòsàn Odígbó ni wọ́n pín in sí. Ọdún kejì òmìnira ni. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ṣe níbẹ̀ tí ìgbóná fi dé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́tà wá láti ilé ẹ̀kọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà tí ó bá yẹ. Ọ̀nà wo? Lẹ́tà kò sọ.

Sísítà Owólabí, ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, pè é sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bupá fún èèyàn kí ìgbóná má baà mú wọn. Awakọ̀ nìkan ló tò síbẹ̀. Àwọn abiyamọ ti kó ọmọ sá lọ sí ilé àdúrà Aládùúrà ní Omifúnfun. Olúbísí gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Ìyá Ìjọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ara mọ́?"

Ara kò mọ́. Àárọ̀ yẹn gan-an ni nǹkan oṣù rẹ̀ dé. Ọmọ Aládùúrà ni òun náà, kò lè purọ́.

"Ó di ọjọ́ méje kí o tó wọlé," ni Ìyá Ìjọ wí.

"Màmá, ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́fà!"

"Ṣé èmi ni mo rán an sí ọ ni?"

Lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ igi kòkó, àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹní. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. "Káàbọ̀, nọ́ọ̀sì. Ìjọ tiwa nìyí."

Ohun tí wọn kò lè sọ níwájú wòlíì, wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ní ọkọ òun ló kọ̀ kí wọ́n bupá fún ọmọ. Ọ̀kan ń bẹ̀rù kí apá ọmọ má jẹrà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n pé márùn-ún. Ẹnì kẹfà ni Magdalene, ìyá Ọlọ́runtóbi. Nígbà tí àwọn abupá dé oko wọn, ó fi Jésùtọ́pẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, pamọ́. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n sin ín.

"Èmi ni mo fi ẹní bò ó. Ó rò pé eré ni. Ó ń rẹ́rìn-ín."

Olúbísí di ọwọ́ rẹ̀ mú títí agogo fi dún nínú ilé àdúrà.

Olúbísí kọ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, Sísítà sì ka ìwé náà ní Ọ̀rẹ̀. "Lábẹ́ igi? Yàrá ni ìwé ìlànà wí, èmi náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Sísítà, inú yàrá kọ́ ni wọ́n wà."

"Kó wọn wá."

Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ lé e wá sí Ọ̀rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí a bupá fún àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé kí n tún sunkún ni," ni ìyá tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ bi Olúbísí, "àbí kí n kàn sọ ọ́?" Sísítà fọwọ́ sí márùn-ún.

Ó ku Magdalene. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé Ọlọ́runtóbi lé ẹsẹ̀, ó sì ń wo Olúbísí.

"Ṣé kí n tún un sọ, nọ́ọ̀sì? Bó bá jẹ́ nítorí tìẹ ni, màá sọ ọ́."

Olúbísí rí bí ìka rẹ̀ ṣe há mọ́ ẹ̀wù ọmọ náà.

"Rárá, ìyá Ọlọ́runtóbi. Ẹ máa lọ, kí ọkọ̀ má baà fi yín sílẹ̀."

"Ó ku ẹnì kan," ni Sísítà wí.

"Mo mọ̀ ọ́n kà, Sísítà."

"Ìdánwò rẹ di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Olúbísí gba ìwé rẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ jáde sójú títì, inú ń bí i débi pé ó ti rìn jìnnà kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun gùn ún.