Abẹ́rẹ́ Mẹ́wàá

Ẹni tó ń ṣe tíṣà adelé, àga ẹlòmíràn ló ń jókòó lé. Bó ti wù kí àga náà rọ̀ tó, kó má fẹ̀yìn tì í jù. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Bí tíṣà kan bá bímọ, tàbí tí òmíràn bá já bọ́ lórí àtẹ̀gùn tí apá rẹ̀ sì kán, ọ̀gá ilé ìwé á pè mí nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè: “Adelé, ṣé ọwọ́ rẹ dilẹ̀ lọ́la?” Ọwọ́ mi kì í ṣàìdilẹ̀. Òfin iṣẹ́ náà ò sì ju mẹ́ta lọ: má pa ohun tí onílé kọ sí igun pátákó rẹ́; má pààrọ̀ ìjókòó àwọn ọmọ; má ṣèlérí kọjá ọjọ́ Ẹtì, torí o lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n Sátidé, èmi ni mo ni ara mi. Bọ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ kún ní gáréèjì ni mò ń bá lọ. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn, mo sì rí i: mo rí òkè tí kùrukùru ń sùn lé lórí, mo rí afárá onírin tó ń mì bí eyín àgbà, mo sùn nílé àlejò tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í tì. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kó padà wá síwájú àwọn ọmọ kíláàsì, wọ́n á ní, “Tíṣà, ẹ tún un sọ!”

Ojú ọ̀nà gáréèjì ni ilé màámi wà. Aránṣọ ni wọ́n. Abẹ́rẹ́ wọn ló rán mi dé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Láràárọ̀ Sátidé ni mò ń yà kí wọn, báàgì lẹ́yìn, ìdí mi kì í fẹ́ kan àga.

“Ẹsẹ̀-ò-gbélé,” wọ́n á ní, “ibo ló yá lónìí?”

“Etí òkun ni, màámi.”

“Òkun! Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, omi tó pọ̀ jù tí mo rí láyé mi ni èyí tó ya wọ yàrá lọ́dún tí atẹ́gùn ṣí páànù wa. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò lópin?”

“Ojú ò lè rí òpin rẹ̀.”

“Mú mi lọ, kí n fi ojú ara mi dán an wò.”

“Sátidé tó ń bọ̀, màámi.”

Ẹ wò mí o. Ẹni tí kò gbọdọ̀ ṣèlérí kọjá ọjọ́ Ẹtì fún ọmọ ọlọ́mọ, òun ló ń fọ́n Sátidé síwájú ìyá rẹ̀ bí ẹni fọ́n ọkà fádìẹ.

“Ó dáa. Bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ méjì kí o tó lọ.”

Méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di mẹ́wàá, mo ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

“Màámi, ṣé aṣọ gbogbo ìlú lẹ fẹ́ rán ni?”

“Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ki òwú bọ̀ ọ́ jàre.”

Mo ń kì í, ojú mi wà lára aago.

Lọ́dún náà, tíṣà kíláàsì kẹrin ni mo ń delé fún. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni mo rí ọmọbìnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn, tó di ojú kan, tó ń fi èkejì wo pátákó bí ẹni ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Olódo. Mo rú òfin: mo gbé e wá síwájú, mo sì kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ti dé pẹ̀lú awò ojú. Ọjọ́ Ẹtì kan ni bàbá rẹ̀, káfíńtà, wá dúpẹ́, èérún pákó ṣì wà lórí irun rẹ̀.

“Tíṣà, àwa tí a ń bá a gbélé ò rí i o!”

Mo ní, “Wọ́n ní àlejò lójú gànràn-gànràn, kò fi ríran. Èmi fi tèmi ríran!” A jọ rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di Sátidé. Mo yà nílé màámi, mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, mo sì bá bọ́ọ̀sì tèmi lọ.

Ó lé lọ́dún kan sí i kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Lọ́jọ́ náà, màámi we gèlè tuntun, wọ́n sì di ìgúnpá mi mú gírígírí. Wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà tí a ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì létí òkun. Mo ní àgbà ló dé. Mo fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, mo lọ ra omi. Nígbà tí mo máa padà, wọ́n ti kẹ̀yìn sí òkun, wọ́n kọjú sí ògiri funfun gbọọrọ kan tí ìró omi ń ta padà lára rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

“Ó mà fẹ̀ o,” wọ́n ní. “Ó funfun báyìí! Ọmọ mi, o ṣeun. Mo ti rí òkun.”

Omi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo di èjìká wọn mú, mo rọra yí wọn padà.

“Áà,” wọ́n ní. “Ẹ̀yìn ló wà?”

“Láti ìgbà wo, màámi?”

“Láti ìgbà abẹ́rẹ́ méjì.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“O ń sáré bá bọ́ọ̀sì.”

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà ojú sọ pé ká ní a tètè wá ni, díẹ̀ ì bá ṣẹ́ kù nínú ìríran wọn. Èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òkun náà, a jókòó sórí iyanrìn. “Méjì àkọ́kọ́, ojú ló fà á,” ni wọ́n tún sọ. “Mẹ́jọ tó kù, ìwọ ni mo fi ń dá dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti rán aṣọ kẹ́yìn.” Wọ́n nu iyanrìn lọ́wọ́. “Ṣebí tíṣà ni ọ́. Sọ òkun fún mi.”

Òkun tí mo ti sọ ní kíláàsì mẹ́ta kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi.

“Ó… ó jẹ́ búlúù.”

“Búlúù bíi kí ni?”

“Bí aṣọ ilé ìwé tí ẹ kọ́kọ́ rán fún mi.”

“Ẹn-ẹ́n,” wọ́n ní, “ìyẹn, mo rí i. Máa bá a lọ.”

Awakọ̀ fọn fèrè ìpadàbọ̀. Mo jẹ́ kó lọ.